Ẹ Jókòó Ti Ìyá Ìkókó Títí Ọmọ Á Fi Mu Ọmú Tán

Ọ̀pọ̀ ìyá tó ṣíwọ́ fífún ọmọ lọ́mú láìtọ́jọ́, kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé omi ọmú dára. Wọ́n mọ̀. Wọ́n ti gbọ́ ọ nílé ìwòsàn, wọ́n ti kà á lára pátákó. Ohun méjì ló sábà máa ń lé wọn kúrò nídìí ẹ̀: orí ọmú tó ń ta wọ́n bí iná, àti ẹ̀rù pé omi ọmú àwọn ò tó ọmọ. Méjèèjì sì máa ń yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nígbà tí agbẹ̀bí ti ṣe tiẹ̀ tán, tí ìyá ọmọ ò sì tíì rí oorun sùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ìwàásù kọ́ ni ìrànlọ́wọ́ tí àdúgbò lè ṣe fún ìyá ìkókó. Kí ẹnì kan tó mọ̀ nípa ẹ̀ lọ síbẹ̀, kó jókòó, kó fi ojú ara rẹ̀ wo bí ọmọ ṣe ń mu ọmú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó tó la ẹnu sọ ohunkóhun.

Ìgbà tí ẹ bá lọ ṣe pàtàkì. Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde pé ó kéré tán, ó yẹ kí ìyá rí ẹni tó máa gbà á nímọ̀ràn lórí ọmú lẹ́ẹ̀mẹfà: nígbà tó ṣì lóyún, láti ìgbà ìbímọ títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ní oṣù mẹ́fà tí ọmọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, àti lẹ́yìn ìyẹn. Bí ọwọ́ ẹgbẹ́ yín ò bá ká gbogbo rẹ̀, tó jẹ́ ìbẹ̀wò méjì péré lẹ lè ṣe, èrò tiwa ni pé kí ẹ fi ọ̀kan sí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, kí ẹ fi èkejì sí ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá.

Ní ọjọ́ kìíní, omi ọmú tó ń jáde ki, ó pọ́n rúsúrúsú, kò sì pọ̀. Ìwọ̀nba tí ọmọ ọjọ́ kan sábà máa ń mu lẹ́ẹ̀kan kò ju bíi ṣíbí ìpo-tíì kan sí méjì lọ, nítorí náà ìwọ̀nba yẹn gan-an ló bá a mu. Àwọn tó ń wo ìyá ọmọ ni wọ́n ń sọ pé ọmú gbẹ. Ọmú wá máa ń kún láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, nígbà míì á kún débi pé á le gbagidi tí ọmọ ò ní rí i gbá mú. Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá ìyẹn. Èkejì wà fún ìwọ̀n: ọmọ tuntun máa ń fọn díẹ̀, tó bá sì máa fi pé ọjọ́ 10 sí 14, ó yẹ kó ti padà sí ìwọ̀n tí wọ́n bí i. Bí ohun tó fọn bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ìbí rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera rí i kíákíá.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kí ìyá ọmọ, ẹ fọ ọwọ́, ẹ bi í ní ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kí ẹ wá dúró de ọmọ. Àmì pé ebi ti ń pa á ni pé á máa yí orí kiri, á máa la ẹnu, á máa ki ọwọ́ bọ ẹnu. Ẹkún ló kẹ́yìn nínú àmì wọ̀nyí. Ọmọ tó ti ń ké burúkú kò ní lè gbá ọmú mú dáadáa; kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e mọ́ àyà láìsí aṣọ láàárín wọn títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ẹ wo ìyá kí ẹ tó wo ọmọ. Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti nǹkan? Ṣé èjìká rẹ̀ ò gbé sókè? Ẹni tó tẹ̀ síwájú láti ki ọmú bọ ọmọ lẹ́nu, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní pẹ́ máa dùn ún, ọmú á sì máa yọ́ bọ́ lẹ́nu ọmọ. Ọmọ ni kó gbé wá bá ọmú. Etí ọmọ, èjìká rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà; ikùn rẹ̀ kọjú sí ìyá rẹ̀, ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ọwọ́ sì gbé gbogbo ara rẹ̀. Imú ọmọ ló máa dojú kọ orí ọmú, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Báyìí, tó bá fẹ́ gbá a mú, á ní láti gbé orí sẹ́yìn díẹ̀ kó sì la ẹnu gbàgà. Bó ṣe la ẹnu bí ẹni tó ń yán ni kí ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, kí àgbọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ kan ọmú. Ọwọ́ tó gbé ọmọ máa wà ní èjìká àti ẹ̀yìn ọrùn. Bí wọ́n bá ti ẹ̀yìn orí rẹ̀, á jà, á sì na ẹ̀yìn padà, àwọn èèyàn á wá máa sọ pé ọmọ kọ ọmú.

Tó bá ti gbá a mú dáadáa, ẹnu á là gbàgà, ètè ìsàlẹ̀ á ṣí síta, àgbọ̀n á wọ inú ọmú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, kò ní rọ̀ wọnú. Àyíká dúdú orí ọmú tí ẹ óò máa rí lókè ètè rẹ̀ á ju èyí tó hàn nísàlẹ̀ lọ. Á kọ́kọ́ máa fà á yára-yára, lẹ́yìn ìyẹn ẹnu rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ óò sì máa gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Tí ẹnu rẹ̀ bá ń dún tá-tá bí ẹni tó ń pòṣé, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ọmú ò jókòó dáadáa lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyí, ìyá lè mọ ìrora fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ọmú mú. Ìrora tó wà níbẹ̀ títí ọmọ fi mu tán, nǹkan kan ló fà á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ ti máa ń kúrò kí nǹkan tó parí rèé. Ẹ dúró kí ọmọ tú ọmú sílẹ̀, kí ẹ wo orí ọmú bó ṣe ń jáde. Bó ṣe rí roboto nígbà tó wọlé náà ló yẹ kó rí, bó tiẹ̀ gùn díẹ̀ sí i. Bó bá tẹ́ lápá kan bí ẹnu kálàmù tí wọ́n gé, tó sì funfun lórí, ó ti ń há sí àárín ahọ́n àti àjà ẹnu ọmọ, torí pé ọmú tó wọ ẹnu kò pọ̀ tó. Ohun tó ń la orí ọmú nìyẹn. Ohun kan náà ló ń dí omi ọmú lọ́wọ́, nítorí náà ìrora àti ẹ̀rù pé ọmú ò tó sábà máa ń jẹ́ ìṣòro kan ṣoṣo. Kí ìyá ti ìka kékeré tó mọ́ bọ igun ẹnu ọmọ, láàárín èrìgì méjèèjì, kó lè tú u láìfà á yọ, kó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbà á lẹ́ẹ̀márùn-ún, kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ó lè fi omi ọmú díẹ̀ pa ojú ibi tó là, kó má máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí ìjókòó ọmọ bá ti tọ́ tí ìrora ò lọ, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera wo abẹ́ ahọ́n ọmọ bóyá okùn ibẹ̀ ló kúrú, kó sì wo inú ẹnu rẹ̀ bóyá ó ní èfù funfun tí kì í ṣí.

Láàárín gbogbo èyí, ẹ má fọwọ́ kan ọmú ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó gbà. Ẹ fi bèbí àti ìkúùkù yín ṣàpẹẹrẹ. Ìyá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú yín á lè ṣe é lóru tí ẹ ò sí níbẹ̀.

“Omi ọmú mi ò tó.” Ẹ má ta kò ó lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì gbà á lójú ẹsẹ̀. Ẹ bèèrè ìlédìí. Láti ọjọ́ karùn-ún, ọmọ tó ń mu tó máa ń tọ̀ sí ìlédìí 6 ó kéré tán láàárín wákàtí 24, ìtọ̀ náà á sì mọ́. Ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ pẹ̀kì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á ti di rúsúrúsú tó rọ̀ tó bá fi di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n: ẹ fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n, kó wà níhòòhò. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan bíi gíráàmù 150 sí 200 ló máa ń fi kún ìwọ̀n rẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí ìlédìí àti ìwọ̀n bá dára, omi ọmú tó, bí ọmọ tiẹ̀ ń ké nírọ̀lẹ́, bí ọmú tiẹ̀ ti rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ohun tí ìyá rí fún jáde ò tiẹ̀ tó nǹkan. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè fẹ́ mu léraléra fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, pàápàá nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sẹ̀ kẹfà àti oṣù kẹta. Ó ń pa ọmú láṣẹ kó pọ̀ sí i ni.

Ibí yìí ni mílíìkì inú agolo ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọmú tí wọ́n ń mu kúrò ló ń ṣe òmíràn. Èyí tó dúró sínú, ó ń sọ fún ara pé kó dín in kù. Ìyá fún ọmọ ní ìgò kan lálẹ́, ọmọ sùn wákàtí mẹ́rin, ọmú kún kò rí ẹni mu ún, ní ọjọ́ kejì omi ọmú dín kù díẹ̀, wọ́n wá fi ìgò kan kún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ti rí bẹ́ẹ̀. Òru ló tún burú jù láti fò, torí òru ni prolactin, họ́mónù tó ń pèsè omi ọmú, máa ń pọ̀ jù lára. Bí omi ọmú bá máa pọ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ mu ún ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí méjìlá láàárín wákàtí 24, ọmú méjèèjì, kí ìyá máa rọra fún ọmú pọ̀ bí ọmọ bá ti ń tòògbé lẹ́nu ẹ̀, kó sì fún díẹ̀ jáde lẹ́yìn tí ọmọ bá mu tán. Yóò gba ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kó má baà sọ̀rètí nù lọ́jọ́ kejì.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí tiwọn ò tó lóòótọ́: ibi ọmọ tó ṣẹ́kù sínú, ẹ̀jẹ̀ tó dà jù nígbà ìbímọ, àìsàn thyroid, ẹ̀yà ara kan tó ń pèsè họ́mónù lọ́rùn, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe lọ́mú, ọmú tí àwọn ẹ̀yà tó ń ṣe omi ọmú kò dàgbà tó, tàbí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní họ́mónù estrogen nínú. Dókítà ló ni èyí. Ọmọ tí ebi ń pa gbọ́dọ̀ jẹun, ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ yín sí ọmú mú yín gbàgbé ìyẹn. Omi ọmú ìyá rẹ̀ tí wọ́n fún jáde ló kọ́kọ́ yẹ, lẹ́yìn náà ti ilé ìpamọ́ omi ọmú tí àwọn ìyá míì fi tọrẹ, bó bá wà, lẹ́yìn náà mílíìkì ọmọdé. Ife kékeré tó mọ́ ti tó láti fi fún un: ẹ gbé ọmọ jókòó, ẹ jẹ́ kí etí ife kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí omi fi dé ètè, kó máa lá a fúnra rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ dà á sí i lẹ́nu, kó má baà gba ọ̀nà èémí rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yín lè tún nǹkan ṣe tàbí kó bà á jẹ́. Ká sọ pé ìyá ìkókó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí kì í yó. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti wà lọ́mú. Ìyá ọkọ mi ní kí n fún un ní mílíìkì kó lè sùn.” Tí ẹ bá dáhùn pé “Rárá o, má dán an wò!”, á dákẹ́, á sì fún un tí ẹ bá lọ tán. Ẹ lè sọ pé: “Ó ti rẹ̀ ọ́ gan-an. Báwo ló ṣe máa ń ṣe lọ́sàn-án?” Á ṣàlàyé. “Ìlédìí mélòó lo ti pààrọ̀ láti àárọ̀ àná?” “Méje.” “Ohun tó ń mu ń wọlé nìyẹn, ìwọ lo sì ń fún un. Bó bá di alẹ́ òní, ṣé wàá lè dùbúlẹ̀ fún un lọ́mú, kí bàbá ẹ̀ máa gbé e láàárín?” Kí ẹ wá kọjú sí ìyá àgbà: “Mọ́mì, ẹ ṣeun tí ẹ ń bá wọn ṣọ́ òru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa máa ka ìlédìí rẹ̀ títí di ọ̀la.” Kò sí àṣẹ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìmọ̀ràn kan tàbí méjì náà ló tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò sùn kò lè di mẹ́jọ mú. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” kì í la ọ̀nà, “ṣé ọmọ ń mu dáadáa?” tilẹ̀ ń dẹ́rù bani.

Ọmú tó le gbagidi: kí ìyá fi orí ìka tẹ àyíká ìdí orí ọmú sẹ́yìn sí àyà fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ títí ibẹ̀ á fi rọ̀, kí ọmọ tó lè gbá a mú, kó sì fi aṣọ tútù lé e lẹ́yìn tí ọmọ bá mu tán, kó tó tún mu. Bí kókó bá wà nínú ẹ̀, àwọn àgbà tẹ́lẹ̀ máa ń ní kí wọ́n wọ́ ọ gidigidi kí wọ́n sì fún un gbẹ. Ìmọ̀ràn òde òní ti yí padà, a sì fara mọ́ ọn: títẹ̀ ẹ́ kíkankíkan ń mú inú ọmú wú sí i. Kí ọmọ máa mu bó ṣe ń mu, kí ìyá rọra fọwọ́ pa á lọ sí abíyá, kó sì lo nǹkan tútù. Bí apá kan bá gbóná, tó ń dùn, tí ibà àti òtútù bá wọ̀ ọ́, ọmú ti ń wú nìyẹn. Lára ẹni tó dúdú, pípọ́n rẹ̀ lè má hàn, ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó bóyá ó gbóná. Kó má dá ọmú dúró. Omi ọmú náà ò ní pa ọmọ lára, ìdádúró òjijì gan-an ló lè sọ ọ́ di oówo. Bí kò bá fúyẹ́ láàárín wákàtí 24, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Ilé ńkọ́? Gbogbo àlejò ló ń fẹ́ gbé ọmọ. Iṣẹ́ ilé ló yẹ kí wọ́n gbé. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ máa pín ọjọ́: ẹni tó máa gbé oúnjẹ wá, ẹni tó máa fọ aṣọ, ẹni tó máa mú ọmọ àkọ́bí lọ sílé ìwé. Kí wọ́n pè kí wọ́n tó wá, kí wọ́n má sì lò ju wákàtí kan lọ. Iṣẹ́ bàbá ni kó gbé ọmọ wá lóru, kó gbé omi mímu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, kó pààrọ̀ ìlédìí, kó sì máa dá àwọn tó ń fúnni nímọ̀ràn òdì lóhùn kí ìyá má baà máa jà. Omi lásán kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, bí ooru tiẹ̀ mú: nǹkan bí ìpín 87 nínú 100 omi ọmú ni omi.

Ní ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, àwọn obìnrin méje ló dá La Leche League, ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń ran ìyá lọ́wọ́ lórí ọmú, sílẹ̀ ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1956, wọn ò sì dúró de ìjọba. Ìyá mẹ́ta sí méjìlá ti tó fún ìpàdé kan. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, àwọn onítìjú á dákẹ́. Ẹ jókòó yíká, kí ẹni tó ń darí máa bèèrè ju bó ṣe ń sọ lọ. Ẹ má gba ẹ̀bùn, owó tàbí àwòrán lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ta mílíìkì ọmọdé. Òfin Àgbáyé ọdún 1981 lórí títa ohun tó ń rọ́pò omi ọmú kọ̀ fún wọn láti máa fún ìyá ní àpẹẹrẹ ọ̀fẹ́, àwa náà ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n á gbà wọlé. Lórí WhatsApp, ẹ fi í ṣe òfin pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ júwe oògùn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi àwòrán ọmú ẹlòmíì ránṣẹ́ síta, ẹni tí ibà bá sì mú, ilé ìwòsàn ló ń lọ, kì í dúró de èsì.

Nípa ìyá tó fẹ́ padà síbi iṣẹ́, àdéhùn 183 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ọdún 2000, ní kí ìsinmi ìbímọ má dín sí ọ̀sẹ̀ 14, kí wọ́n sì fún un láyè láti fún ọmọ lọ́mú lẹ́nu iṣẹ́ láìdín owó rẹ̀ kù. Àmọ́ orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i nìkan ló dè, nítorí náà ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ òfin tibi tí wọ́n wà. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmú jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: ọwọ́ tó mọ́, àtàǹpàkò lókè, ìka lábẹ́, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sí orí ọmú; kó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn sí àyà, kó fún un pọ̀, kó tú u, kó sì yí ipò ìka padà. Níbi tí ooru ò bá ju 25°C lọ, omi ọmú tó fún jáde lè wà fún wákàtí 4. Nínú fíríìjì, ọjọ́ 4. Nínú fírísà tó tutù dé -18°C, oṣù 6 ló dára jù. Kí wọ́n gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ láti tú u, kì í ṣe máíkírówéèfù, tí í máa gbóná lójú kan tó lè jó ọmọ lẹ́nu.

Àwọn àmì tí ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ dá wò: ọmọ tó ń sùn débi pé kò ṣeé jí jẹun, ara tó gbóná dé 38°C ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ara tàbí ẹyinjú tó ń pọ́n rúsúrúsú sí i, ìlédìí tó ń dín kù, ẹnu tó gbẹ. Ní ti ìyá, ẹ̀jẹ̀ tó dà, ibà, tàbí ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì débi pé ó ń ronú àtiṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ ní ibi. Ẹ bá a lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má fi nọ́ńbà fóònù lé e lọ́wọ́ kí ẹ sì padà sílé. Ìyá tó ní kòkòrò HIV lè fún ọmọ lọ́mú tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lábẹ́ ìtọ́jú. Dókítà rẹ̀ ni kó bá sọ ọ́, kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ẹni tó bá ń fi mílíìkì kún un, tàbí tó fẹ́ ṣíwọ́, ọmọ ẹgbẹ́ yín ló ṣì jẹ́. Kó má ṣíwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọmú á kún, á le, á sì wú. Kó yọ ìgbà kan kúrò lójúmọ́, kó dúró ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ara mọ́ ọn lára, kó tó yọ òmíràn. Tí ọmú bá kún lágbedeméjì, kó fún ìwọ̀nba tó máa jẹ́ kó rọ̀ jáde, kó má fún un gbẹ. Ti ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ sùn lálẹ́ ni kó fi sílẹ̀ sẹ́yìn, torí ìyẹn ló máa ń ṣòro jù fún ọmọ láti gbàgbé.